ALP mi jẹ́ 187, wọ́n ní ó ga jù: ṣé ẹ̀dọ̀ ni àbí egungun?

Ìyá Àríkẹ́, Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí láti ìjẹta ni oorun ti dá lójú mi.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọdún 46 ni mo wà. Mo ti lo ọdún 7 ní ìlú ọba. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ sì ni, láti aago 8 alẹ́ di aago 8 òwúrọ̀, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀. Ó tó oṣù 8 báyìí tí itan ti ń dùn mí. Kì í ṣe orúnkún o, itan gan-an ni, àti ìbàdí, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọmọ odó gún un mọ́jú. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, mi ò lè dé òkè mọ́. Mo kàn sọ fún ara mi pé àwọn arúgbó tí mo ń gbé sókè gbé sọ̀ lálaalẹ́ ló fà á.

Èyí tó wá ń dùn mí lọ́kàn jù ni ìrun. Bí mo bá ti forí kanlẹ̀ tán, àtidìde a di ogun. Mo gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun, òun ni mo ń dì mú dìde. Àríkẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá òun ti di ìyá àgbà kí òun tó bímọ.

Mo lọ rí dókítà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò 3. Lọ́jọ́ kẹta, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, aago 4 òru ń lọ lù, mo ń po tíì nínú kíṣìnnì, ni fóònù bá dún: áàpù NHS, ti ilé ìwòsàn ìjọba, ní èsì mi ti dé. Mo ṣí i. Àkọlé tó wà lókè ni Liver Function Tests, àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ALP 187, pé láti 30 sí 130 ló yẹ kó wà. Wọ́n fi àmì sí i. ALT 22, bilirubin 8, albumin 41, àwọn yẹn ò ní àmì. Kálísíọ̀mù 2.18, wọ́n ní 2.20 ni ìsàlẹ̀ ìwọ̀n. Phosphate 0.79, wọ́n ní 0.80 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ka àwọn yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ tó wà lókè yẹn ni mo tẹjú mọ́, tíì náà sì tutù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ ò mọ ìdí tí àyà mi fi já. Ẹ̀dọ̀ ló pa àbúrò bàbá mi. Mo wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, àwọn ará ilé sì ń sọ pé ẹnì kan ló fún un ní nǹkan jẹ. Mi ò mu ọtí rí láyé mi, ẹ tún gbọ́.

Mo tẹ ALP sórí Google. Ó gbé jẹjẹrẹ egungun jáde, ó gbé òkúta inú òróòro jáde, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Paget jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe kíníkì. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní dókítà ti wò ó, ó ní kí n wá tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun kì í ṣe dókítà.

Oṣù 3! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni ALP yìí gan-an? Ṣé ẹ̀dọ̀ mi ló ń lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀dọ̀ ni, kò sí àní-àní. Ẹ má dá àwọn òyìnbó lóhùn, wọ́n á fi oṣù 3 ṣeré títí yóò fi bọ́ sórí. Agbo kan wà tó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ tónítóní, màmá kan ló máa ń fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé, ìgò 4 lẹ máa mu. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mu ún, ara rẹ̀ ń dán. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Bàbá Làábù, Abẹ́òkúta

Ìyá Àríkẹ́, ẹ kú ìnira o. Ẹ po tíì mìíràn, ẹ jókòó. Ọdún 22 ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ka nǹkan yìí, mo sì wo gbogbo ohun tí ẹ kọ. N kò rí ẹ̀dọ̀ níbẹ̀.

Àbúrò mi Ìjẹ̀bú, mo kí ọ, ṣùgbọ́n gbé ìgò agbo yẹn kalẹ̀ ná. A ò tíì mọ ohun tó ń ṣe èèyàn, o ti fẹ́ máa fọ inú rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀jẹ̀ tó bà mí lẹ́rù jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí ALT wọn, èròjà tó ń fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́, lé ní 1,000, a rí nínú wọn tó jẹ́ pé agbo ni wọ́n ń mu kí wọ́n tó gbé wọn wá. Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo ohun tí a bá gbé mì ń gbà kọjá. Ohun tí ẹnì kan ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò yẹ kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ó yá, ALP. Alkaline phosphatase ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹ̀ńsáìmù ni, èròjà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ láti fi mú iṣẹ́ yá. Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé ilé rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀, lẹ́bàá àwọn ọ̀nà tóótòòtó tí òróòro ń ṣàn gbà. Ó wà nínú egungun. Ó wà nínú ìfun àti kíndìnrín, ó sì wà nínú ibi ọmọ, ìdí nìyẹn tí ti aboyún fi máa ń ga bí oyún bá ti wọ oṣù keje lọ sókè. Ẹ̀rọ wa ò kí i kó béèrè pé ọmọ ilé wo ni ọ́. Gbogbo wọn ló kó pọ̀, ó sì kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣètò ìwé èsì ló tò ó sábẹ́ ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Àkọlé ló dẹ́rù bà yín.

Ẹ̀dọ̀ ní bó ṣe máa ń sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àrùn hepatitis tàbí oògùn ló ń ba ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́, ALT àti AST ló kọ́kọ́ máa ń fò sókè. Nílé níbí, ẹ lè rí i kí wọ́n kọ SGPT àti SGOT, àwọn náà ni. Bó bá jẹ́ ọ̀nà òróòro ló dí, ALP á ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà dá rìn. GGT, ẹ̀ńsáìmù ẹ̀dọ̀ mìíràn, á bá a lọ, bó bá sì pẹ́, bilirubin, èròjà tó ń sọ ojú di pupa rúsúrúsú, á tẹ̀ lé wọn. Ara á máa yún onítọ̀hún, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi Coke, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun bí ẹfun. Àbúrò bàbá yín tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, bilirubin ló fa ìyẹn, ó ti ga ju tiyín lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Tiyín jẹ́ 8. Albumin tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe jẹ́ 41. Ẹ̀dọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí n kò rí nínú èsì yín ni GGT. GGT pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, kò sì sí nínú egungun. Bí ALP bá ga, tí GGT jókòó jẹ́jẹ́, egungun la máa kọjú sí. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ga, ká padà sí ẹ̀dọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, GGT kì í bá àwọn yòókù wá, àfi kí dókítà dárúkọ rẹ̀.

Ní ti oṣù 3 yẹn, n kò ní bú wọn. ALP tó bá ga díẹ̀ tó dá wà, lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, títún un ṣe ló tọ́, nítorí ó máa ń ga nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O tàbí B, bó bá jẹ oúnjẹ olọ́ràá kó tó lọ, ALP inú ìfun lè bá ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè díẹ̀. Ẹni tó ṣẹ́ lápá, ALP rẹ̀ á ga bí egungun ṣe ń so pọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ń ṣe ẹ̀yin. Ṣé dókítà tó wo nọ́ńbà yẹn mọ̀ pé ẹ ò lè gun bọ́ọ̀sì?

Ní ti Paget, àrùn egungun ni, òótọ́ ni pé ó máa ń gbé ALP ga. Dókítà James Paget ló kọ nípa rẹ̀ ní 1877. Àwọn àgbàlagbà òyìnbó ló ń bá jà jù, pàápàá ní apá Lancashire. Láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ó ṣọ̀wọ́n.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan mélòó kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ṣé òòrùn máa ń kàn yín? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan, pàápàá ti wárápá tàbí ti ikọ́ ìfe? Ṣé ẹ ṣubú lẹ́nu àìpẹ́ yìí? Ẹ tún bá mi ṣe èyí: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín, níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi.

Kálísíọ̀mù yín àti phosphate yẹn, àwọn tí ẹ ní ẹ ò kà dáadáa, àwọn ni èmi ń wò.

Màmá Jámíù, Chicago

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ mi ọkùnrin lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbà á sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé ìwé, ọmọ ọdún 13. ALP rẹ̀ jẹ́ 412. Mo sunkún nínú mọ́tò. Ìwọ̀n àgbàlagbà ni wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà! Dókítà ọmọdé wò ó, ó ní ṣé mi ò rí ṣòkòtò rẹ̀ tó ti kúrú ni. Egungun tó ń dàgbà ló ń tú ALP jáde bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ga jù mí lọ báyìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe ìwọ̀n fún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ìyá Àríkẹ́, Leeds

Bàbá Làábù, ẹ ṣeun púpọ̀ sà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta nínú bọ́ọ̀sì, nísàlẹ̀ ni mo jókòó o.

Òòrùn kẹ̀? Òòrùn wo? Bí mo bá dé ní aago 9 òwúrọ̀, màá fa kọ́tìnì, màá sùn. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jí. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kìíní, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ ní aago yẹn. Bí mo bá sì jáde, híjáábù àti jalabíà ni, ojú àti ọwọ́ nìkan ló wà níta. Ọdún 7 rèé. Oògùn kankan ò sí, àfi Panadol tí mo ń lò fún itan yìí. Mi ò ṣubú.

Ojúgun ńkọ́? Mo tẹ̀ ẹ́ nínú kíṣìnnì. Sà, omi bọ́ lójú mi. Mo pe Àríkẹ́, mo tẹ tirẹ̀, ó ní kí ló dé, kò dun òun rárá. Mo tún tẹ egungun ìhà mi, òun náà ń dùn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń dùn, nítorí kò sí ẹni tó ń tẹ ìhà ara rẹ̀.

Bàbá Làábù, Abẹ́òkúta

Mà, n kì í ṣe dókítà, n kò sì ní kọ oògùn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ padà pe kíníkì yẹn lónìí, ẹ má dúró di oṣù 3. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ mọ̀ nípa ALP. Ẹ sọ pé ẹ ò lè dìde nílẹ̀ láì di nǹkan mú, pé ó ti tó oṣù 8 tí itan ti ń dùn yín, pé ìhà náà ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, pé kálísíọ̀mù àti phosphate yín rẹlẹ̀, pé òòrùn kì í kàn yín. Kí ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe GGT, fítámì D, àti PTH, họ́mọ̀nù tó ń ṣọ́ kálísíọ̀mù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ kà á fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń fura sí nìyí. Ẹ fojú inú wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó egungun àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, tó ń mọ tuntun. Àwọn bíríkìlà wà nínú egungun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń tú ALP jáde bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kálísíọ̀mù àti phosphate ni sìmẹ́ńtì wọn. Fítámì D ni ọlọ́kọ̀ tó ń gbé sìmẹ́ńtì láti inú ìfun wá. Bí ọlọ́kọ̀ ò bá dé, àwọn bíríkìlà ò ní lọ sílé. Wọ́n á máa to igi, wọ́n á máa gbé férémù dúró, ilé ò ní gan. ALP á máa ga sí i, egungun á rọ̀, àwọn iṣan itan náà á rẹ̀. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ a máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Osteomalacia ni àwọn dókítà ń pè é. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, rickets nìyẹn.

Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, nítorí ọkàn àti iṣan ń lò ó. PTH ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, ó máa lọ yá a nínú egungun ni. Ìdí nìyẹn tí 2.18 yín fi dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Owó tó wà lọ́wọ́ ni ẹ ń rí, ẹ ò rí gbèsè.

Ní Leeds, láti oṣù kẹwàá dé ìparí oṣù kẹta, òòrùn tó ń ràn kò ní agbára tí awọ ara lè fi ṣe fítámì D, ì báà tilẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Àwọ̀ dúdú tiwa sì ń fẹ́ kí òòrùn pẹ́ lára ju ti òyìnbó lọ. Ìjọba wọn fúnra rẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn máa lo microgram 10 lóòjọ́ ní àsìkò òtútù, kí ẹni tó dúdú tàbí tó ń bo ara rò ó pé kí òun máa lò ó yípo ọdún. Mélòó nínú wa ló gbọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ti ìlú òyìnbó nìkan ni. Ní Jos, níbi tí òòrùn ò ti wọ́n, àwọn dókítà rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Kálísíọ̀mù ló ṣiṣẹ́, ì báà dá wà, ì báà bá fítámì D rìn. Fítámì D nìkan ò tó. Ògì lálẹ́, ògì láàárọ̀, kò sí wàrà, kò sí ẹja: ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ni kò sí lọ́jà. Nítorí náà, ẹ máa jẹ sáwá tegungun-tegungun, edé, wàràkàṣì, ẹ̀fọ́. Nílé níbí, àwa là ń ju orí ẹja sóde fún ológbò.

Adé Ìkòròdú

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo phenytoin fún wárápá láti ọdún 11. ALP rẹ̀ ga, GGT rẹ̀ náà ga. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé yín, ẹ̀dọ̀ nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n dókítà ní egungun rẹ̀ ni kò dáa.

Bàbá Làábù, Abẹ́òkúta

O káre, ibi tí òfin ti ń yẹ̀ lo fọwọ́ kàn. Phenytoin, àti carbamazepine bákan náà, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe GGT púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ṣàìsàn. Àwọn oògùn yẹn kan náà tún máa ń ba fítámì D jẹ́ nínú ara, egungun á sì jìyà rẹ̀. Torí náà GGT tó ga lára ẹni tó ń lo oògùn wárápá, tàbí ẹni tó ń mu ọtí, kò dá ẹjọ́ parí. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má dá oògùn dúró o! Kí wọ́n wo fítámì D rẹ̀.

Kí n tún fi ti làábù kan kún un, torí ó máa ń bí mi nínú. Bí ALP bá rẹlẹ̀ púpọ̀, tí kálísíọ̀mù rẹlẹ̀ wìì, tí potassium wá ga débi pé ó yẹ kí onítọ̀hún ti kú, tó sì ń rẹ́rìn-ín níwájú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀. Ó ti da ẹ̀jẹ̀ láti inú ìgò olómorí eléésèé àlùkò sínú òmíràn. EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó wà nínú ìgò yẹn máa ń gbá kálísíọ̀mù mọ́ra, ó sì ń gba zinc àti magnesium tí ALP fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Potassium sì wà nínú EDTA náà fúnra rẹ̀. Mo ti dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà títí ó fi sú mi.

Ìyá Àríkẹ́, Leeds

*Lẹ́yìn ọjọ́ 19*

Ẹ̀yin ará, èsì ti dé. Mo ka ìwé tí Bàbá ní kí n kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọbìnrin orí fóònù náà dákẹ́, ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì. Dókítà obìnrin kan ló rí mi. Ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n káwọ́ gbera láyà, kí n dìde. Mi ò lè dìde. Ó wò mí, ó ní báwo lo ṣe ń gbé àwọn arúgbó? Mo ní Ọlọ́run ni.

GGT 19. Ẹ̀dọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀! Fítámì D 13, wọ́n ní bí kò bá ti tó 25, kò tó rárá. PTH 15.2, 6.9 ni òkè ìwọ̀n tiwọn. Ó tún ní níwọ̀n bí mo ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí a wo hepatitis B lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó lè wà lára èèyàn kí ALT rẹ̀ má sọ nǹkan kan. Mi ò ní in, Alhamdulilahi, mo sì ti ní kí àwọn àbúrò mi ní Ìbàdàn lọ ṣe tiwọn nítorí ti àbúrò bàbá wa.

Wọ́n fún mi ní kápúsù fítámì D alágbára, 50,000 IU (IU ni wọ́n fi ń wọn fítámì náà, kì í ṣe microgram), ẹyọ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Mo dé ilé oògùn, mo ní kí ni wọ́n fi ṣe ara kápúsù yìí, ṣé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀? Ọkùnrin náà ò bínú rárá, ó yí páálí, ó kà á, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé irú tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú wá. Ẹ béèrè, ẹnu kì í wúwo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú oríire mà. Mo tọrọ gáfárà lórí ọ̀rọ̀ agbo. Mo ti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ màmá náà, wọ́n ní àṣírí ni.

Bàbá Làábù, Abẹ́òkúta

Ó káre, àbúrò. Ìdáhùn nìyẹn.

Ìyá Àríkẹ́, Leeds

*Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7*

Bàbá, ẹ gbà mí! Mo ti lo kápúsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Itan ti ń fúyẹ́, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kálísíọ̀mù ti di 2.27, ALP wá di 203! Láti 187 lọ sí 203! Kí ni mo tún ṣe?

Bàbá Làábù, Abẹ́òkúta

Ẹ rọra. Sìmẹ́ńtì dé, mà. Àwọn bíríkìlà tó ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́ ti wá rí iṣẹ́ ṣe, gbogbo wọn ló bọ́ sórí ilé lẹ́ẹ̀kan. ALP máa ń ga sí i díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kó tó máa wálẹ̀, wíwálẹ̀ rẹ̀ sì lè gba oṣù mélòó kan. Kálísíọ̀mù yín ti wọ ìwọ̀n, itan ti fúyẹ́, àwọn ni kí ẹ wò. Ṣé wọ́n fún yín ní èyí tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́ lẹ́yìn mẹ́fà yẹn? Ẹ má fi í sílẹ̀ o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Ẹ má sì fi tiyín kún un pé kó lè yá, fítámì D tó bá pọ̀ jù máa ń gbé kálísíọ̀mù ga débi tó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìyá Àríkẹ́, Leeds

*Lẹ́yìn oṣù 5*

Mo ní kí n wá jíṣẹ́ fún yín. ALP 118. PTH ti wọ ìwọ̀n. Mo ń lo fítámì D 1,000 IU lóòjọ́, Àríkẹ́ náà ń lo 400 IU. Obìnrin ará Sierra Leone kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní itan ń dun òun náà. Mo tẹ ojúgun rẹ̀ nínú kíṣìnnì, ó pariwo, àwọn arúgbó jí. Ó ti lọ fa ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bọ́ọ̀sì, òkè ni mo ń jókòó sí. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun ṣì wà níbẹ̀, mi ò gbé e kúrò. Aṣọ tí mi ò tíì ká ni mo ń kó sí i lórí báyìí.